Irú Àjàrà Tí Tọkọtaya Lè Bá Dàgbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìlú Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ó ti pẹ́ tí a ti ń mu wáìnì díẹ̀díẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí súpámákẹ́ẹ̀tì bá dín owó rẹ̀ kù la máa ń rà. Ó ti sú wa. A fẹ́ mú irú àjàrà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, ká mọ̀ wọ́n dáadáa, ká sì máa mu wáìnì wọn títí a ó fi darúgbó. Ọkọ mi fẹ́ràn wáìnì pupa tó ki, Cabernet Sauvignon ló sì máa ń bèèrè. Èmi fẹ́ràn èyí tó bá dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí kò mọ wáìnì ló ń mu aládùn. Oúnjẹ ilé la ṣì ń jẹ, ata sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn wo ni kí á yàn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an, àbúrò mi, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ wáìnì aládùn, nítorí ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ pé wọ́n fi ń fojú kéré ènìyàn. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ṣì yín lọ́nà. Sauternes ní ilẹ̀ Faransé, Tokaji ní Hungary, àti àwọn wáìnì aládùn tí wọ́n ń ṣe lẹ́bàá odò Mosel ní Jámánì wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn le jù, tó sì lè pẹ́ jù nínú ìgò. Ohun tó ń sọ wáìnì aládùn di yẹpẹrẹ ni kí adùn wà níbẹ̀ láìsí kíkan. Bí kíkan bá wà tó gbé adùn yẹn dúró, ife kejì á wù yín mu bíi ti àkọ́kọ́. Torí náà, ẹ má yí ohun tí ẹnu yín fẹ́ padà nítorí ọ̀rọ̀ ènìyàn.

Irú àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì lágbàáyé lé ní 1,300. Òkìkí kọ́ ni mo fi máa ń yàn nínú wọn bí ẹnì kan bá ní títí ayé lòun fẹ́. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá àjàrà yẹn lè ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. Ẹnu ènìyàn máa ń yí padà, owó ọwọ́ ẹni náà máa ń yí padà, ohun tí ènìyàn ń jẹ ní ogójì ọdún kọ́ ni yóò máa jẹ ní àádọ́rin. Àjàrà tó jẹ́ pé oríṣi wáìnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe yóò sú yín kí ọdún márùn-ún tó pé. Èyí tí wọ́n lè fi ṣe wáìnì tí kò ní ṣúgà rárá, tí wọ́n lè fi ṣe aládùn, tí wọ́n lè fi ṣe èyí tó ń hó, tí ẹ lè mu ní tuntun tàbí kí ẹ gbé e pamọ́ fún ogún ọdún, tí tálákà ń rí rà tí olówó náà ń rí rà, irú rẹ̀ ni ènìyàn lè bá dàgbà.

Bó bá ṣe pé ẹyọ kan péré ni ẹ ní kí n mú, Chenin Blanc ni mo máa mú. Ìhà àfonífojì odò Loire ní ilẹ̀ Faransé ni ilé rẹ̀. Ní Vouvray, àgbẹ̀ kan náà lè fi àjàrà inú oko kan náà ṣe wáìnì gbígbẹ (ìyẹn èyí tí kò dùn), èyí tó dùn díẹ̀, èyí tó dùn gan-an, àti èyí tó ń hó, ó kàn wà lọ́wọ́ bí oòrùn ọdún náà bá ṣe rí. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, wọ́n á fi ṣe èyí tó ń hó. Bí oòrùn bá pọ̀ títí di ìgbà ìkórè, wọ́n á jẹ́ kí èso pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n á sì máa padà wọnú oko láti ká èyí tó bá ti tó, nítorí kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Bonnezeaux àti Coteaux du Layon, kùrukùru tó ń tinú odò wá ní àárọ̀ máa ń mú kí èso náà bu, omi inú rẹ̀ á fà, ṣúgà rẹ̀ á sì ki. Inú àjàrà tó ti bu yẹn ni wáìnì tó dà bíi wúrà ti ń jáde. Gbogbo èyí ṣeé ṣe nítorí pé Chenin kì í pàdánù kíkan rẹ̀ bó ti wù kó pọ́n tó.

Gúúsù Áfríkà ni Chenin ti pọ̀ jù lónìí, ó ju ti ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbìn ín fún ọ̀pọ̀ ìran, Steen ni wọ́n ń pè é, àfi ìgbà tó di ọdún 1965 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n C. J. Orffer ti Yunifásítì Stellenbosch fi hàn pé Chenin ti odò Loire gan-an ni. Fún ìgbà pípẹ́, brandy àti wáìnì ọlọ́pọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ olùṣe wáìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn oko àtijọ́ kiri ní Swartland, níbi tí igi àjàrà kúkúrú dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹnikẹ́ni kì í bu omi rin. Igi tó ti dàgbà kì í so púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá so máa ń kún fún adùn. Rosa Kruger, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá irú àwọn oko bẹ́ẹ̀, ló wà nídìí Old Vine Project tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Oko tó bá ti pé ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba èdìdì wọn, ọdún tí wọ́n gbin igi yẹn sì máa ń wà lára èdìdì náà. Bí ẹ bá rí èdìdì yìí lọ́rùn ìgò Chenin, ẹ rà á. Nínú ilé ìtajà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ wáìnì funfun mìíràn tó ń fún ènìyàn ní ohun tó tó báyìí fún owó tó kéré báyìí.

Èkejì ni Riesling, ìdí tí mo fi yàn án ni ata yín. Ohun tó ń mú ata ta lẹ́nu máa ń le sí i bí ọtí bá pọ̀ nínú wáìnì, ṣúgà ló sì ń tù ú lójú. Ẹ wá gbé wáìnì pupa tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 14.5% síwájú àyàmáṣe: ẹ ò ní gbádùn wáìnì, ẹ ò sì ní gbádùn ọbẹ̀. Ẹ gbé Riesling Kabinett láti Mosel síbẹ̀, èyí tí ọtí rẹ̀ kò ju 8% tàbí 9% lọ, tó dùn díẹ̀ tó sì kan dáadáa, ẹ ó rí i pé ata náà á rọlẹ̀, adùn ata rodo àti irú á sì hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí ni pé ohun tí ẹnu yín ti ń bèèrè láti ọjọ́ yìí ló bá ìkòkò yín mu jù.

Ìwé Riesling tó lọ́jọ́ lórí jù tí a mọ̀ jẹ́ ti ọdún 1435, àkọsílẹ̀ owó igi àjàrà ni, ní Rüsselsheim ní Jámánì. Lẹ́bàá Mosel, orí òkè tó ga gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tó kún fún òkúta pẹlẹbẹ, ni wọ́n ń gbìn ín sí. Ẹ̀rọ ò lè gun ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a. Òkúta náà máa ń gba ooru oòrùn lọ́sàn-án, á sì máa dá a padà fún igi lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ara ìgò Jámánì máa ń ba ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ẹ nílò níbẹ̀. Bí ẹ bá rí Trocken, gbígbẹ ni. Bí ẹ bá rí feinherb, ó dùn díẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ọ̀kankan, ẹ wo ìwọ̀n ọtí: 8% sábà máa ń túmọ̀ sí pé ṣúgà ṣẹ́ kù níbẹ̀, 12% sókè sì sábà máa ń jẹ́ gbígbẹ. Tó bá wá di pé Riesling tí ẹ ti fi pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá ń rùn bíi kẹrosíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù! Kò bàjẹ́. Òórùn àgbà rẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ lára àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí ló ń fi owó wá a kiri.

Ẹ ní títí ẹ ó fi darúgbó, torí náà mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn ìjọba Britain láti ọdún 2016 ni pé kí ènìyàn má mu ju yúníìtì 14 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin. Odidi ìgò wáìnì 14.5% fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yúníìtì 11. Odidi ìgò Kabinett 8% jẹ́ mẹ́fà. Ẹni tó fẹ́ máa mu wáìnì fún ogójì ọdún sí i kò lè fojú fo ìṣirò yìí.

Ó wá kan ọkọ yín. Cabernet Sauvignon kì í ṣe àṣàyàn burúkú. Ní 1997 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ Cabernet Franc àti Sauvignon Blanc ni, ìyẹn ni pé òbí rẹ̀ kan pupa, èkejì funfun. Wàhálà rẹ̀ nínú ilé yín ni pé èèpo rẹ̀ nípọn, táníìnì sì pọ̀ níbẹ̀. Táníìnì ló ń mú ẹnu gbẹ, tó ń fún ahọ́n bí ìgbà tí a bá jẹ obì. Ọ̀rá ẹran lè rọ̀ ọ́. Ata kò lè rọ̀ ọ́, ńṣe ni méjèèjì á jọ máa bá ẹnu jà. Kí ọkọ yín máa mu Cabernet rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá yan ẹran màlúù ọlọ́ràá láìfi ata púpọ̀ sí i.

Fún àwọn ọjọ́ tó kù, Syrah ni kó gbà. Ó ki, ó dúdú, kò ní rò pé a fi nǹkan dù ú. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà rí i ní 2008 pé èròjà kan tó ń jẹ́ rotundone, tó wà nínú ata dúdú tí a ń lọ̀ sórí oúnjẹ, ló wà nínú èèpo àjàrà yìí pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí Syrah fi máa ń ta sánsán bí ata iyèré. Òórùn lásán ni, kì í ta ẹnu. Ó sì bá súyà mu gan-an, bí a kò bá da yájì bò ó jù. Ibi tó ti wá ni apá àríwá odò Rhône, ní Hermitage àti Côte-Rôtie, níbi tí ó ti máa ń tutù, tí òórùn ata yẹn máa ń hàn jù. Ní Ọsirélíà, Shiraz ni orúkọ rẹ̀, oòrùn ibẹ̀ máa ń mú kí ó dùn, kí ọtí rẹ̀ sì lágbára. Ní Barossa, igi Shiraz tí wọ́n gbìn ní ìgbà 1840 ṣì ń so, nítorí kòkòrò phylloxera tó pa àjàrà Yúróòpù run láti ìgbà 1860 kò dé ibẹ̀. Kí ọkọ yín bẹ̀rẹ̀ láti Crozes-Hermitage tàbí Saint-Joseph, torí owó Hermitage fúnra rẹ̀ ga.

Ẹ̀kẹrin, Gamay. Mo mọ̀ pé ẹ ò retí rẹ̀. Ní 1395, Philip, ọba kékeré Burgundy tí wọ́n ń pè ní Aláìfòyà, pàṣẹ pé kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ tu kúrò nílẹ̀ òun, ó ní àjàrà burúkú ni. Gamay wá rí ibi ìsádi ní Beaujolais, lórí ilẹ̀ òkúta akọ, ibẹ̀ ló sì ti gbayì. Táníìnì rẹ̀ kò pọ̀, kíkan rẹ̀ mọ́ lẹ́nu, torí náà òun ni wáìnì pupa tó lè jókòó ti ọbẹ̀ ata láìsí ìjà. Ẹ wá orúkọ Morgon, Fleurie tàbí Moulin-à-Vent, àwọn àdúgbò kan ní Beaujolais, lára ìgò. Ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì bu ẹ̀fọ́ rírò yín bí ẹ ṣe máa ń bù ú. Ìgò Morgon tó dáa lè lo ọdún mẹ́wàá.

Ẹ lè bi mí pé Pinot Noir ńkọ́, Nebbiolo ńkọ́. Mo fẹ́ràn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Pinot Noir tó dára ní Burgundy ti kọjá owó ọ̀pọ̀ ènìyàn, Nebbiolo tí wọ́n fi ń ṣe Barolo sì ní táníìnì tó le ju ti Cabernet lọ. Wọ́n dára fún àlejò, kì í ṣe fún ojoojúmọ́.

Nǹkan mìíràn wà tó mú kí n tẹnu mọ́ àjàrà tó ní kíkan. Ayé ń gbóná sí i, ooru sì ń jẹ kíkan inú èso. Ní 2021, wọ́n fọwọ́ sí i ní Bordeaux pé kí àwọn àgbẹ̀ máa dán irú àjàrà mẹ́fà tuntun wò nítorí ooru yìí, Touriga Nacional ti Pọ́túgà sì wà lára wọn. Wáìnì tí ẹ fẹ́ràn lónìí lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọgbọ̀n ọdún sí i. Chenin àti Riesling ní àlékún kíkan tí wọ́n lè fi fara dà á.

Ẹ má ra páálí oníìgò méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra ìgò Chenin méjì lóṣù yìí, ọ̀kan Vouvray demi-sec (èyí tó dùn díẹ̀), ọ̀kan gbígbẹ láti Swartland, kí ẹ ṣí wọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà pẹ̀lú oúnjẹ yín gan-an, kí oníkálukú kọ ohun tó rí sílẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Oṣù tó ń bọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Riesling, Trocken kan àti Kabinett kan. Kí ẹ fi Syrah Rhône àti Shiraz Barossa ṣe ti oṣù kẹta. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, ibi òkùnkùn tí kò gbóná ni, bí ìwọ̀n 12 tàbí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ìgò tó ní kọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀. Orí fìríìjì ní ilé ìdáná ló burú jù. Ẹ kò sì gbọdọ̀ mu ìgò méjèèjì tán lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ṣí wọn: ẹ dé wọn padà, ẹ gbé wọn sí fìríìjì, Chenin àti Riesling á ṣì dára ní ọjọ́ kẹta, ìgbà mìíràn á tún dùn ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.