Oògùn Ìdógùn-ún Kì í Hu Irin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ra ọkọ̀ akẹ́rù Citroën H àtijọ́ kan tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń kó aṣọ lọ fún oníbàárà láyé ijọ́un, èyí tí gíláàsì iwájú rẹ̀ pín sí méjì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dógùn-ún díẹ̀, ibì kan sì ti lu níbẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ká ra oògùn tó ń pa ìdógùn-ún, ká kùn ún, ká fi fáíbà àti pọ́tì dí àwọn ihò náà, ká wá fi ọ̀dà dúdú bo gbogbo rẹ̀. Èwo ló dáa jù nínú àwọn oògùn yìí? Ẹ sì tún bá mi sọ àwọ̀ tí ọkọ̀ náà ní nígbà tó jáde nílé iṣẹ́.

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó dáa nínú wọn fún ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ ṣàkó, àmọ́ ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn, àwọn tó ń ta oògùn náà ò sì dákẹ́. Ẹni tó ní kí ẹ fi oògùn àti pọ́tì tún ìsàlẹ̀ Citroën H ṣe kò mọ irú ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ ní “ìsàlẹ̀ nìkan”. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀. Ẹ wo Chevrolet akẹ́rù tí wọ́n ṣe láti 1947 sí 1955: ṣáàsì rẹ̀, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀, dá dúró lábẹ́, tí ilẹ̀ inú rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ, ṣáàsì ṣì ń gbé ẹrù. Citroën H kò ní irú ṣáàsì bẹ́ẹ̀. Láti 1947 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílẹ̀ Faransé títí di 1981 tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, ilẹ̀ inú rẹ̀, irin abẹ́ ilẹ̀kùn, àti ara rẹ̀ tó ní ìlà bíi ti páànù òrùlé ni wọ́n jọ ń gbé ẹrù náà. Wọn ò tìtorí ẹwà tẹ irin yẹn ní ìlà ìlà. Irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè ká, kò sì ní wúwo. Nítorí náà, ihò tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ yín, nínú egungun rẹ̀ ló wà.

Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ló sì ń tan àwa tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ jẹ jù. Ẹ́ńjìnnì ṣeé sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé tú palẹ̀. Ti H tó ń lo bẹntiróò, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú ti Traction Avant, ọkọ̀ Citroën àtijọ́ míì, àwọn tó mọ̀ ọ́n tú kò wọ́n láàárín àwọn tó ń tọ́jú Citroën. Èmi máa ń gba ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yè ju èyí tó ń dún kíkankíkan lórí ilẹ̀ tó ti jẹrà.

Ó yá, kí ni oògùn náà ń ṣe gan-an? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ásíìdì fọsifọ́ríìkì ló wà níbẹ̀, tàbí táníìnì, irú èyí tó wà nínú èèpo igi tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ń lò. Tó bá kan ìdógùn-ún, á sọ ọ́ di nǹkan dúdú tó le, tí ọ̀dà lè dì mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Ìdógùn-ún ni ohun tó kù nígbà tí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti jẹ irin. Oògùn lè yí àjẹkù yẹn padà, kò lè sọ ọ́ di irin mọ́. Ibi tí irin ti tán, ẹ lè kùn ún láàárọ̀ kẹ́ ẹ tún kùn ún lálẹ́, ìpẹ́pẹ́ dúdú lẹ máa ní.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan. Ibi tí oògùn bá dé ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdógùn-ún ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í sábà bẹ̀rẹ̀ níbi tójú ti ń rí i. Àárín irin méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn, tí wọ́n wá jó pọ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan, ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àti nínú àwọn irin oníhò bí àpótí tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Omi á wọlé, ẹrẹ̀ á dí ihò tó yẹ kó gbà jáde, ó di ilé. Ìdógùn-ún sì máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ dáadáa. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Tí etí irin méjèèjì bá ti wú kúrò lára wọn láàárín ojú kan tí wọ́n jó sí èkejì, tí ó ń ṣí ní ìpele ìpele tẹ́ ẹ bá fèékánná họ ọ́, inú ti jẹ. Búrọ́ọ̀ṣì wo ló máa kọjá síbẹ̀?

Pọ́tì ńkọ́? Pọ́tì máa ń fa omi mọ́ra. Títẹ́jú irin tó yè ni wọ́n ṣe é fún, kó má sì nípọn ju mílímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Fáíbà kò lè dì mọ́ irin tó ń ṣí. Ọ̀dà dúdú tó bò wọ́n ló wá burú jù, torí á sé omi mọ́nú, á sì fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ pa mọ́ fún yín àti fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn yín.

Ẹ fi ìdí sukudíráfà kan gbogbo ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, pàápàá ibi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé tó bá ń wọlé, ẹ̀yìn táyà, àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún gooro. Èyí tó ti tán á dún bọ̀, nígbà míì sukudíráfà á wọlé lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì yí i ká. Tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ níbì kan, pọ́tì ẹlòmíì lẹ bá níbẹ̀ yẹn. Ẹ má fi jáàkì gbé e níbi tẹ́ ẹ sàmì sí o.

Lẹ́yìn ìyẹn, wẹ́dà tó mọ ara ọkọ̀ lẹ máa wá, kì í ṣe ẹni tó ń jó géètì. Á gé irin tó jẹ kúrò títí dé ibi tó ń dán, á gé irin tuntun tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀, á jó o mọ́ ọn. Kó tó gé ohunkóhun, kó kọ́kọ́ jó irin ìdábùú tó máa di ara ọkọ̀ mú sí inú àyè ilẹ̀kùn, kó sì wọn àyè náà láti igun dé igun. Tí ara H bá yí nígbà tí ilẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní pa dé mọ́ láéláé. Táǹkì epo gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ pátápátá. Èyí tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí òórùn bẹntiróò inú rẹ̀ ló ń bú gbàù. Tí wọ́n bá jó irin tán, kí wọ́n fọ́n òróró abẹ́là tó ń dènà ìdógùn-ún sínú àwọn irin oníhò, kí wọ́n sì ṣí ihò omi sílẹ̀.

Ṣé oògùn náà kò wúlò rárá ni? Ó wúlò fún ìdógùn-ún fẹ́rẹ́ tó wà lójú irin tó nípọn, bíi irin tó di búm̀pà mú. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀. Àmọ́ ásíìdì bátìrì tí àwọn kan ń dà sílẹ̀ ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Á sá sáàárín irin, kò ní ṣeé fọ̀ jáde, á sì máa jẹun lọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun.

Ní ti àwọ̀: ọ̀pọ̀ H ló jáde ní àwọ̀ eérú, oníṣòwò tó bá rà á ló ń kun àwọ̀ tirẹ̀, tó ń kọ orúkọ sí i. Gíláàsì tó pín sí méjì fi hàn pé kò jáde lẹ́yìn nǹkan bí 1964. Ẹ tú rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ tún wo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Oòrùn kì í dé ibẹ̀. Lára ẹ̀gbẹ́, ẹ fi sáńpépà tó kúnná pẹ̀lú omi ra ojú kékeré kan títí àwọn ọ̀dà yóò fi hàn ní òrùka òrùka. Tí lẹ́tà àwọn alágbàfọ̀ náà bá yọjú, ẹ dáwọ́ dúró, torí àwọn tó ń kó ọkọ̀ báyìí jọ ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ju ọ̀dà tuntun lọ. Ẹ má fi sáńpépà ra á láìsí omi: ọ̀dà ayé ìgbà yẹn lè ní òjé nínú. Ẹ bomú, ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni fi ẹ̀rọ fọ́n iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o, irin fẹ́lẹ́ yẹn á wọ́.

Mi ò fojú rí ọkọ̀ yín, ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo fi dáhùn. Ẹni tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ ló lè sọ bó ṣe jẹ tó. Kó tó di pé ó wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ má gbé e jáde sí títì, ẹ má kó ẹrù sí i, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó sẹ́yìn rẹ̀.