Ajá wa tó ti dàgbà ń kùn mọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn: ṣé ká lé e ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ajá wa, Bíńgò, ti pé ọdún 11. Àdàlù ajá ilé àti Alsatian ni, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ wa obìnrin ti pé oṣù 16, kò sí ibi tí kì í dé nínú ilé mọ́. Ó tó oṣù kan báyìí tí Bíńgò ti ń kùn mọ́ ọn tó bá ti sún mọ́ ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ náà gbọ́wọ́ lé ìbàdí rẹ̀ kó lè dìde dúró, ni ajá bá yíjú padà, ó ṣí eyín, ṣùgbọ́n kò gé e jẹ. Ọkọ mi fi bàtà lù ú. Màmá ọkọ mi ní ká so ó mọ́lẹ̀ tàbí ká gbé e lọ sí abúlé, pé orí ajá tó bá ti dàgbà máa ń dàrú. Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe ọmọ mi, àmọ́ ajá yìí ti wà nínú ilé kí n tó wọlé ọkọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àdùkẹ́, Ìbarà, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Àdùkẹ́. Ẹ má tíì lé e. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ọmọ àti ajá kò gbọdọ̀ wà pọ̀ láìsí àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó àwọn méjèèjì, ìbáà ṣe ìwọ̀nba àsìkò tí ẹ fẹ́ fi ro ẹ̀bà. Kí àgbà jókòó sórí àga lápá kejì pálọ̀ kó máa tẹ fóònù, ìyẹn kì í ṣe ìṣọ́. Orí àti ojú ni ajá sábà máa ń gé ọmọ kékeré jẹ, nítorí ibẹ̀ ló ṣe déédéé ẹnu ajá, ajá tí ọmọ mọ̀ dáadáa ló sì sábà máa ń ṣe é.

Ajá tó kùn, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ó ń ní, "Ẹ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi." Tí ẹ bá lù ú nítorí ìyẹn, ohun tó máa kọ́ ni pé kíkùn ń fa ìyà. Ìrora tàbí ẹ̀rù tó mú un kùn ò kúrò níbẹ̀. Bó bá dọjọ́ mìíràn, á dákẹ́, á sì lo eyín láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn á wá máa sọ pé ajá náà kàn ṣàdédé gé ọmọ jẹ ni. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Àdùkẹ́ kí wọ́n dá bàtà yẹn padà sẹ́sẹ̀. Bó bá kùn, kí ẹni tó wà nítòsí rọra gbé ọmọ kúrò, kó má pariwo, kó má sì fi ìyà jẹ ajá.

Kó tó kùn pàápàá, ó ti máa ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Á máa fi ahọ́n lá imú nígbà tí kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀. Á máa yán nígbà tí oorun ò kùn ún. Á gbé orí sápá kan, síbẹ̀ á máa wo ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ ojú, débi pé ẹ máa rí funfun ojú rẹ̀. Ara rẹ̀ á le gbagidi, ẹnu tó là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á pa dé. Tàbí kó dìde, kó sì lọ dùbúlẹ̀ síbòmíràn, ìyẹn sì ni ọmọ ọlọ́dún kan kì í gbà, ṣe ni á tún tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni kí ẹ dá sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ìrù tàn yín: ajá tí ara rẹ̀ le lè máa mi ìrù.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ìbàdí ni ojú mi kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ajá tí kò kùn fún ọdún mẹ́wàá, tó wá ń kùn báyìí, tó ṣí eyín nígbà tí wọ́n gbára lé ìbàdí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ máa dùn ún. Làkúrègbé pọ̀ lára ajá tó dàgbà, pàápàá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Alsatian, nítorí ìran wọn ní ìṣòro oríkèé ìbàdí. Ẹ wò ó láàárọ̀ bó bá ń dìde: ṣé ọwọ́ iwájú ló fi ń wọ́ ara rẹ̀ sókè, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wá tẹ̀ lé e? Ṣé ó máa ń takú fún ìṣísẹ̀ mélòó kan kó tó rìn dáadáa? Ẹ wo èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá iwájú rẹ̀ ti yún nítorí pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan itan méjèèjì, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ti rù ju èkejì lọ. Bó bá ń lá ojú kan ṣáá títí irun ibẹ̀ fi pọ́n, ẹ máa rò ó pé ibẹ̀ ń dùn ún. Nígbà ọyẹ́, ó sábà máa ń le sí i láàárọ̀. Bí àyíká ilé yín bá jẹ́ olókùúta, tó ga níbí tó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún bíi ti ọ̀pọ̀ ilé l'Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ru ìnira gbogbo gígùn òkè yẹn. Ilẹ̀ táìsì tún burú ju òkúta lọ: ẹsẹ̀ á máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ajá á sì máa le ara rẹ̀ kó má baà ṣubú.

Ẹ dán ojú àti etí rẹ̀ wò. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí kò wò yín, kí ẹ pàtẹ́wọ́. Bí etí kò bá mì, ó ṣeé ṣe kó ti ń di. Ojú ajá àgbà máa ń ní àwọ̀ búlúù tó dà bí èéfín, ìyẹn wọ́pọ̀, kì í sì í fọ́ ọ lójú. Àmọ́ bí àárín ojú bá funfun bíi wàrà, ó lè má ríran mọ́ níbẹ̀. Ajá tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran dáadáa, tí ọmọ wá ṣubú lù nígbà tó ń sùn, kò ní dúró ṣèwádìí kó tó lo ẹnu. Lóòótọ́ àwọn àgbà ní àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́, ṣùgbọ́n ìrora kì í jẹ́ kí àgbà rántí ọgbọ́n. Bó bá ń sùn, ẹ má fọwọ́ kàn án láti jí i. Ẹ pè é, tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kìì nítòsí rẹ̀ kó fi ara gbọ́ ọ.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta) wà ní ọ̀nà Alábàtà bí ẹ kò bá ní dókítà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á yẹ oríkèé, ọ̀pá ẹ̀yìn, eyín àti etí wò. Ẹ má fojú kéré eyín: eyín tó jẹrà lè mú kí ajá tó níwà tútù di onínúfùfù. Oògùn ìrora tó wà fún ajá wà, ìwọ̀n kílò ajá ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn lọ ra ibuprofen tàbí diclofenac fún un. Inú ajá kò gbà á bíi tiwa, ó lè dá ọgbẹ́ sí inú rẹ̀, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol pàápàá lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ bó bá pọ̀ jù. Àwọn ìpara tó máa ń ta lára, tí a fi ń ra orúnkún àgbàlagbà, ẹ má lò ó, nítorí pé á lá a.

Bí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́, ìṣòro ibùsùn ló kù. Bíńgò gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọmọ ò lè dé, kì í ṣe ibi tí a kàn ní kí ọmọ má lọ, nítorí ọmọ oṣù 16 kò tíì lè pa òfin mọ́. Ẹ pe wẹ́dà tàbí kápẹ́ńtà kó ṣe géètì kékeré sẹ́nu ọ̀nà bàrándà ẹ̀yìn tàbí sí igun kan tí afẹ́fẹ́ ń dé, tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 80. Kí irin rẹ̀ dúró lóòró, nítorí èyí tó bá dùbúlẹ̀, àtẹ̀gùn ni ọmọ máa fi ṣe. Àlàfo láàárín irin méjì, àti láàárín géètì àti ilẹ̀, kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ kí orí ọmọ má baà há. Kí géètì náà ṣeé ṣí dáadáa fún ajá láti kọjá, nítorí ajá àgbà ò lè fò ó. Ẹ tẹ́ fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 síbẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó nítorí ìtọ̀, kí ẹ wá da àpò tàbí aṣọ àtijọ́ lé e. Kó gùn tó kí ajá lè na gbogbo ara. Ojú ọ̀nà tó máa ń gbà kọjá lórí táìsì, ẹ tẹ́ ẹní tàbí àgékù rọ́ọ̀gì tí kò ní yọ̀ síbẹ̀.

Ṣéènì tí Màmá dábàá kọ́ ni mò ń wí yìí o. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ mọ̀ pé òun ò lè sá, eyín nìkan ló kù tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn àti máa rìn lọ bá ajá tí a so.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ fẹ́ àkíyèsí gidi. Ọmọ tó di búrẹ́dì tàbí àkàrà mú, tó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ṣe ló gbé oúnjẹ náà sí iwájú imú ajá gẹ́lẹ́. Ajá tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú á gbá ẹnu mọ́ ọn, ìka á sì bá a lọ. Kí ọmọ jókòó sórí àga rẹ̀ jẹun, kí Bíńgò wà lẹ́yìn géètì. Ibẹ̀ náà ni kó ti máa jẹ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ gbé abọ́ kúrò, yálà ó jẹ ẹ́ tán tàbí kò jẹ ẹ́ tán. Ẹ má fún un ní ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, tàbí egungun adìyẹ tí a ti sè, tó máa ń là ṣọnṣọ. Bí ẹ bá fọwọ́ pa ìhà rẹ̀ tí ẹ kò sì rí egungun kankan fọwọ́ kàn, ó ti sanra jù. Ẹ dín ẹ̀bà kù. Kílò tó bá dín lára rẹ̀ jẹ́ ìtura fún oríkèé.

Ẹ ṣì lè jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn, àmọ́ lẹ́yìn tí ìrora bá ti lọ sílẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ lé itan, ẹ jẹ́ kí ajá fúnra rẹ̀ wá. Ẹ fi ọwọ́ yín di ọwọ́ ọmọ mú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pa èjìká tàbí àyà ajá jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe orí, etí, ìrù, tàbí ìbàdí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ dúró. Bí ajá bá tún fara tì yín, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá yíjú sápá kan, ó parí nìyẹn.

Ní ti dìgbòlugi, tí mo gbà pé òun ni Màmá ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ há, tí kò lè gbé oúnjẹ mì, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí gbogbo èèyàn jìnnà sí i. Àmọ́ ajá tí àìsàn yìí bá ti hàn lára rẹ̀ sábà máa ń kú láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10. Bíńgò ti kùn fún oṣù kan, ọmọ nìkan ló sì ń kùn mọ́. Síbẹ̀, ẹ wo káàdì rẹ̀: bí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ bá ti lé lọ́dún kan, ẹ gún un lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ.

Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, tàbí kó fi eyín ha á lára, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ yọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ fi aago wò ó, nítorí ó máa ń dà bíi pé ó ti pẹ́. Ẹ má fi epo pupa, eérú tàbí irun ajá sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sí FMC Ìdí-Àbà tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi àkọ́kọ́ ni ọjọ́ 0, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, òmíràn ọjọ́ 3, òmíràn ọjọ́ 7, ìkẹrin láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Àwọn ibòmíràn ń gún márùn-ún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ tún béèrè irú abẹ́rẹ́ mìíràn (immunoglobulin) tí wọ́n ń gún sí ojú ọgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má pa ajá, ẹ má sì gbé e sọnù. Ẹ tì í mọ́ ibi kan fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹranko lè máa wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 10 yẹn kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Bí àìsàn yìí bá ti hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tí à ń lò fún un mọ́.

Aràn àti eégbọn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Oògùn aràn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́: ẹyin aràn inú ìgbẹ́ máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nínú iyẹ̀pẹ̀ kó tó lè ran ènìyàn, Àdùkẹ́ sì wà ní ọjọ́ orí jíjẹ iyẹ̀pẹ̀. Ẹ má fi òtapiapia tàbí ọ́ìlì dúdú mẹkáníìkì pa eégbọn rẹ̀. Irun tí ẹ fi í sí yẹn ni ọmọ máa dì mú, kó tó ki ọwọ́ bọ ẹnu.

Èmi á ní kí ẹ wá ilé mìíràn fún un bó bá jẹ́ pé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ìtọ́jú, ó ṣì ń wo ọmọ láti òkèèrè tó sì ń kùn, tàbí bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ilé yín. Ilé àgbàlagbà tí kò sí ọmọdé ni kó jẹ́. Abúlé kò tán ìṣòro yìí, àwọn ọmọ wà níbẹ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó máa fún un lóògùn oríkèé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ dání, kí ẹ kọ gbogbo oúnjẹ àti oògùn tó ń jẹ sílẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń dìde láàárọ̀. Nínú ilé ìwòsàn, ẹ̀rù máa ń mú kí ajá tó ń tiro rìn bíi pé kò sí ohun tó ń ṣe é.