Ṣé kí wọ́n yọ thymus ìyàwó mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpéǹpéjú ìyàwó mi, ẹni ọdún 34, ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ẹnu a máa rẹ̀ ẹ́ débi tí kò fi ní lè jẹ ẹran. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sọ fún wa pé myasthenia gravis ni. Dókítà kan ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti yọ thymus rẹ̀, ẹ̀yà ara kan nínú àyà, bẹ́ẹ̀ kò sí kókó níbẹ̀. Èkejì ní kó ṣì máa lo oògùn. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? — Ọkọ kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ẹ sì bá wa kí ìyàwó yín. Nínú àìsàn tó ṣọ̀wọ́n yìí, àwọn èròjà agbóguntàrùn tó yẹ kó dáàbò bo ara ló ń dí ibi tí ẹran ara ti ń gba iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí i, thymus, tó wà lẹ́yìn egungun àyà, sì máa ń lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1939, Alfred Blalock, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ròyìn ọ̀dọ́bìnrin kan tí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn tí Blalock yọ thymus rẹ̀, ṣùgbọ́n kókó wà nínú tirẹ̀. Ọdún 2016 ni ìwádìí tó fi àwọn tí kò ní kókó wéra tó jáde: ènìyàn 126, gbogbo wọn ń lo prednisone, oògùn tó ń dín agbára àwọn agbóguntàrùn kù, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan. Láàárín ọdún mẹ́ta, àìlera àwọn tí wọ́n ṣe é fún dínkù ju ti àwọn yòókù lọ, ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ méjì-méjì sì jẹ́ 44 mg, nígbà tí àwọn yòókù ń lo 60.

Àmọ́ ẹni ọdún 18 sí 65 ni wọ́n, àìsàn wọn kò ju ọdún márùn-ún lọ, gbogbo wọn ló sì ní agbóguntàrùn tó ń dojú kọ acetylcholine receptor, ìyẹn ibi tí ẹran ara ti ń gba iṣẹ́ tí ọpọlọ rán. Nítorí náà, ẹ béèrè irú agbóguntàrùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín. Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀dọ̀ dókítà àkọ́kọ́ ni ọkàn mi fà sí. Bó bá jẹ́ èyí tó ń dojú kọ MuSK, èròjà mìíràn lára ẹran ara, tàbí tí wọn kò rí ìkankan, ìwádìí yẹn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ìmọ̀ràn dókítà kejì sì bọ́gbọ́n mu. Iṣẹ́ abẹ náà kì í tètè so èso, oṣù púpọ̀ tàbí ọdún ló ń gbà, oògùn kò sì ní dúró.

Ohun tó tún ká mi lára ni ibà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní quinine tàbí chloroquine láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Oògùn apakòkòrò gentamicin àti ciprofloxacin náà lè dá kún àìlera náà débi tí mímí yóò fi ṣòro. Ẹ kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé kékeré, kó máa wà nínú báàgì rẹ̀, bí èémí rẹ̀ bá sì ń kúrú tàbí tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru.