Kẹ́tù Amẹ́ríkà nínú ilé ìyá yín ní Ifẹ̀: ẹ wá ìdènà rẹ̀ kí ẹ tó wo wáàtì

Ẹ kú àárò ilé. Ẹ ní ẹ ti ra kẹ́tù iná kan ní Houston fún ìyá yín ní Parákin, pé 120V, 1500W (fóltéèjì 120, wáàtì 1500) ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, àti pé àbúrò yín tí ó wà nílé ní kí ẹ ṣáà fi ránṣẹ́, òun yóò gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀, òun yóò sì fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì fún ọdún púpọ̀ ní Ifẹ̀ níbí, ohun tí ó sì máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù ni èrò pé wáàtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára, tí a kọ sí ara ẹ̀rọ kì í yí padà. Fóltéèjì tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni wáàtì yẹn bá mu. Ohun tí kẹ́tù yóò gbé kọjá òkun láìyí padà ni ìdènà tí ó wà nínú irin agbóná rẹ̀, ìyẹn bí irin náà ṣe ń dí ìṣàn iná lọ́wọ́ tó, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ fi 120 pín 1500, ẹ ó rí 12.5, iye áḿpù, ìyẹn ìwọ̀n ìṣàn iná, tí kẹ́tù náà ń fà lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ẹ wá fi 12.5 yìí pín 120, ẹ ó rí 9.6, èyí tí í ṣe ìdènà rẹ̀ ní óòmù. Òfin tí Georg Ohm ará Jámánì tẹ̀ jáde ní 1827 ni a ń lò yẹn: bí a bá fi ìṣàn iná pín fóltéèjì, ìdènà ni a ó rí. Nílé níbí, 240 ni a ń ka iná wa sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 230 ni àwọn mìíràn ń kọ. Ẹ fi 9.6 kan náà pín 240, ó di áḿpù 25. Ẹ sọ 240 di púpọ̀ lọ́nà 25, ó di wáàtì 6000. Fóltéèjì di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé ìṣàn iná náà ti di ìlọ́po méjì pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé fíúsì áḿpù 13 inú púlọ́ọ̀gì yóò gbà yín sílẹ̀: fíúsì kì í já lójú ẹsẹ̀ tí áḿpù 25 bá kọjá nínú rẹ̀, ó lè fara dà á títí kẹ́tù yóò fi bàjẹ́, ká má tíì sọ ti ilé tí wọ́n ti fi wáyà lásán dí ojú fíúsì.

Ẹ dá kẹ́tù náà padà. Tiransifọ́mà tí yóò sọ 240 di 120, tí yóò sì gbé wáàtì 1500, wúwo, owó rẹ̀ á sì ju ti kẹ́tù tuntun ní Lágere lọ. Ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ní wàhálà bí wọ́n bá ti kọ 100–240V sí i.

Ẹ tún ní kẹ́tù tí ìyá yín ń lò báyìí kì í tètè hó. Kẹ́tù tèmi, tí a kọ 240V, 2400W sí, ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. Áḿpù 10 ni ó yẹ kí ó fà, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ óòmù 24. Mo fi mítà ọwọ́ tí a fi ń wọn fóltéèjì wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná mi ní alẹ́, mo bá 180 níbẹ̀. Bí mo ti tan kẹ́tù, ó wálẹ̀ sí 168. Ẹ fi 24 pín 168, áḿpù 7 ni. 168 lọ́nà 7 jẹ́ wáàtì 1176, kò tó ìdajì agbára tí a kọ sí i. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé omi tíì kò hó bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n fóltéèjì 12 tí ó sọnù nígbà tí mo tan kẹ́tù ni mo tọpinpin. Oníṣẹ́ iná tí mo pè wọn ẹnu mítà NẸ́PÀ nígbà tí kẹ́tù ń ṣiṣẹ́, ó bá 177 níbẹ̀. Nítorí náà, 3 péré ni ó sọnù níta. 9 yòókù sọnù láàárín mítà NẸ́PÀ àti ilé ìdáná. Ẹ sọ 9 di púpọ̀ lọ́nà áḿpù 7, wáàtì 63 ni, bí ẹni pé mo tan gílóòbù 60 sínú ògiri ara mi. Nígbà tí ó pa iná tí ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdè kan ti tú, bàbà ẹnu wáyà ti dúdú, ike ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti pọ́n bí bọ̀ọ̀lì. Ó gé ẹnu wáyà, ó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ilé ìdáná sì gbé 175 pẹ̀lú kẹ́tù lórí.

Ẹ má fi ìṣirò yìí dán fíríìjì tàbí pọ́ǹpù kànga wò. Mọ́tò ni ó wà nínú wọn, mọ́tò kì í sì í ṣe irin agbóná: bí fóltéèjì bá wálẹ̀, ó lè fa iná púpọ̀ sí i, kí ó sì jóná. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi sitabiláísà sí fíríìjì tí a kì í sì í fi sí kẹ́tù.

Kí àbúrò yín ya àwòrán ohun tí a kọ sí ìdí kẹ́tù ìyá yín, kí ó sì mú oníṣẹ́ iná wá ní alẹ́, kí ìyá yín má fi ọwọ́ ara wọn tú nǹkan kan. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kí ó wọ̀n: sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí kẹ́tù kò ṣiṣẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, àti ẹnu mítà NẸ́PÀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ wọ́n síbí, a ó jọ ṣe ìṣirò ibi tí iná ìyá yín ń gbà lọ.