Èsì: Ṣé tẹlifíṣọ̀n ló ń mú kéèyàn máa bẹ̀rù ayé?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tàárọ̀ talẹ́ lè máa rò pé ayé burú ju bó ṣe rí lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ipa rẹ̀ kò tó báwọn èèyàn ṣe ń pariwo rẹ̀.

George Gerbner, olùwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí lápá ìparí àwọn ọdún 1960. Àwọn tó ń wò ju wákàtí 4 lọ lóòjọ́ sábà máa ń sọ pé èèyàn ò ṣeé fọkàn tán, ju àwọn tí kì í wò tó wákàtí 2 lọ. Kì í ṣe eré kan ṣoṣo ló ń fà á o. Àwítúnwí irú ìtàn kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Ibi tó ti díjú nìyí. Lọ́dún 1979, àwọn olùwádìí méjì, Doob àti Macdonald, ṣe ìwádìí ní Toronto nílẹ̀ Kánádà. Nígbà tí wọ́n wo bí ìwà ọ̀daràn ṣe pọ̀ tó ládùúgbò kálukú, ìsopọ̀ tó wà láàárín tẹlifíṣọ̀n wíwò àti ìbẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ó yé ni: ẹni tí àdúgbò rẹ̀ léwu á jókòó sílé, á sì máa wo tẹlifíṣọ̀n.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ fi ìbéèrè dán an wò, ẹ kọ́kọ́ béèrè èrò àwọn èèyàn nípa bí ìwà ọ̀daràn ṣe pọ̀ tó, kẹ́ẹ tó béèrè wákàtí tí wọ́n fi ń wòran. Bẹ́ẹ bá dárúkọ tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, wọ́n á fura, wọ́n á sì dín iye ìwà ọ̀daràn tí wọ́n fẹ́ sọ kù.