Ẹ Dágbére fún Ọmọ Kí Ẹ Tó Jáde

Ìyá ọmọ láti Ìkòròdú, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọ̀wé pé ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 3, ń tẹ̀lé yín dé balùwẹ̀, pé inú ń run ún bí àkókò jẹ́lé-ó-sinmi bá ti tó, àti pé ó ń sunkún títí á fi bì. Ọ̀sẹ̀ 3 nìyí tó ti Ẹ̀pẹ́ dé, níbi tó ti lo ọ̀sẹ̀ 6 lọ́dọ̀ ìyá yín nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín. Ìyá ọkọ yín ní àkẹ́jù ni. Ẹ̀rù sì ń bà yín pé kó má bá a dàgbà.

Kì í ṣe àkẹ́jù, ìbẹ̀rù ìpínyà ni. Láti nǹkan bí oṣù 8 ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ìyá òun lọ, láìtíì mọ̀ pé ẹni tó lọ ń bọ̀. Ẹkún yẹn máa ń rọlẹ̀ bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún 3, àmọ́ ìpínyà gígùn lè jí i padà. Ìyá yín ní lọ́jọ́ kẹrin ó dákẹ́, ó ti gbàgbé yín. Kò gbàgbé. John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ fi ẹkún jà, ọkàn rẹ̀ á wá rẹ̀wẹ̀sì, lẹ́yìn náà á ṣe bí ẹni tí kò bìkítà mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ yíjú kúrò nígbà tí ẹ lọ mú un.

Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ máa ń yọ́ jáde ní aago 5 ìdájí lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, nígbà tó ṣì ń sùn. Mo mọ̀ pé ẹkún rẹ̀ lẹ ń sá fún. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí òun bá dijú, ìyá òun á pòórá. Abájọ tó fi ń jí lóru wá fọwọ́ kàn yín! Ẹ jí i. Gbólóhùn kan náà ni kí ẹ máa sọ lójoojúmọ́: "Màmá ń lọ sọ́jà. Bí o bá ti wẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí o tó jẹun, mo ti dé." Kò mọ aago 6, ó mọ ìgbà ìwẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ má padà nítorí igbe, kó má baà gbà pé igbe ló ń dá yín padà. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, ẹ pè é lórí fóònù kó tó wẹ̀.

Ẹ tún máa fi ìpínyà kékeré kọ́ ọ pé ẹni tó lọ ń bọ̀: ní Sátidé, ẹ dágbére, ẹ wọ yàrá kejì fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ jáde. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà 10, títí dé 30. Bí kò bá lè fara da 10, ẹ padà sí 5 fún ọjọ́ méjì. Ìkánjú ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bojúbojú náà dára fún un. Ẹ fún un ní ìró yín tí ẹ kò tíì fọ̀, kó máa fi sùn. Níléèwé, kí olùkọ́ kan ṣoṣo máa gbà á lọ́wọ́ yín tàbí ìyá ọkọ yín, kó sì fún un níṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, bíi kó pín ife.

Inú rírun yẹn kì í ṣe irọ́. Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àìsàn níbẹ̀, ẹ má fi í sílé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ́ nínú ìbẹ̀rù ìpínyà yìí. Àwọn tó bá le lára wọn tí a kò tọ́jú ni àìbalẹ̀ ọkàn àti ìjayà òjijì tètè máa ń bá nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Bí kò bá dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Yaba ní ní Òṣòdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ dẹ́rù bà yín.

Bó bá tún di dandan kó lọ Ẹ̀pẹ́, ẹ bá a sùn níbẹ̀ lóru àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa pè é ní àkókò kan náà lójoojúmọ́.