Ohun tí ẹ máa sọ fún òǹtajà wáìnì

Ẹ bèèrè pé kí lẹ máa sọ ní ṣọ́ọ̀bù wáìnì àdúgbò yín nígbà tí ẹ ò mọ orúkọ kankan. Ẹ má dààmú lórí orúkọ. Ẹ sọ oúnjẹ tí ẹ fẹ́ fi mu ún, iye owó tí ẹ ò fẹ́ kọjá, àti iye èèyàn: ìgò 750 ml kan, ife 5 ni, tí ẹ bá ń bu 150 ml. Ẹ ya fọ́tò ìgò tí ẹ ti gbádùn rí dání. Ó wúlò ju àlàyé lọ.

"Dry", ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún wáìnì, máa ń da èèyàn rú. Kì í ṣe pé ó korò, ṣúgà ni ò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Tí ẹnu bá ń gbẹ, tó ń há bíi ti ẹni tó mu tíì tó ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, tannin, èròjà kan tó ń wá láti ara èèpo èso àjàrà, ló fà á. Ẹ sọ bóyá ẹ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ìgò tí oòrùn ń pa lójú fèrèsé, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣí i nílé, tó ń rùn bíi páálí tó rin omi, kọ́ọ̀kì, ìyẹn ìdérí tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò, ló bà á jẹ́. Ẹ má dà á nù o! Ẹ dé e padà, kí ẹ gbé e lọ bá wọn. Òǹtajà tó mọṣẹ́ á pààrọ̀ rẹ̀.